Fírísà Tó Kúrò Nílé Ọnọrébù

Gbogbo ará Ìlọ́fà ló mọ̀ pé Adégbóyè kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àfi òun nìkan ni kò mọ̀. Bí o bá bi í, yóò sọ fún ọ pé olóṣèlú ni òun. Ó ti gbégbá ìbò kánsẹ́lọ̀ rí, kò wọlé, kò sì tíì gbà títí di òní pé òun kò wọlé. Láràárọ̀ ni yóò wọ agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì sí títí ó fi ń dún bíi páànù, yóò jókòó síwájú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, yóò máa dúró de ìpè láti Ìlọrin. Ẹni tó bá fi orúkọ kí i, kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá pè é ní Ọnọrébù, yóò dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọkùnrin yìí ni Susanna fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ mọ́. Ọmọ Òsí ni, ó ń ta ẹja inú yìnyín, kòtè àti ṣáwá, ó sì mọ ọjà tà dáadáa. Adégbóyè ló wá sọ fún un pé iwájú ilé bàbá òun kọjú sí títì, pé ibẹ̀ yóò dára fún ìsọ̀ ẹja ju Òsí lọ, àti pé bí Àjíǹde bá ti kọjá, ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹbí ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Susanna gbà á gbọ́. Ó gbé fírísà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ra àga onítìmùtìmù sínú pálọ̀, nítorí ó ní òun kò lè fẹ́ ọkọ kí àlejò máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gáàsì, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóòmù rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń wọ ọkọ̀ láti Òsí wá tajà níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú, yóò padà sílé bàbá rẹ̀. Ohun tí Adégbóyè ṣe sí gbogbo rẹ̀ ni pé ó ń júwe ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Lásìkò yẹn, ìyá Adégbóyè kò sí nílé. Ó ti lọ sí Àbújá lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun.

Àjíǹde kọjá. Ojú bàbá Susanna ṣókùnkùn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ, Susanna sì bá a dúró níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ni ó jókòó sí nígbà tí ohùn Adégbóyè wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó gbé e sétí. Adégbóyè ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbàdúrà, òun sì ti rí i pé ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pa pọ̀. Ó ní ipò tí òun ń lọ báyìí, obìnrin tó mọ̀wé ni yóò lè bá òun jókòó níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àtìlẹ́yìn rẹ̀. Níparí, ó ní kí Ọlọ́run bùkún ìpínlẹ̀ Kwara.

Susanna gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́, nítorí ìbùkún ìpínlẹ̀ yẹn yà á lẹ́nu ju ìkọ̀sílẹ̀ náà lọ. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bọ́jú, ó padà wá kán oògùn sójú bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Òsí, ó pe Adégbóyè.

“Mo fẹ́ wá kó ẹrù mi.”

“Ẹrù wo?”

“Fírísà mi, àga, gáàsì, jẹnẹrétọ̀, àti bẹ́ẹ̀dì.”

Adégbóyè mí kanlẹ̀. “Susanna, gbọ́ ara rẹ. Ìfẹ́ ló dàrú yìí, àga lò ń bèèrè. Mi ò mọ̀ pé ohun ayé jẹ ọ́ lógún tó báyìí.”

“Ìgbà wo ni kí n wá?”

“Máa retí mi. Màá pè ọ́.”

Kò pè. Nígbà tí Susanna tún pè é, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ káfíńtà. Nígbà mìíràn, ó ní Ìlọrin ni òun wà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń ṣe ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, oníbàárà Susanna kan rí i ní Odò-Ọwá, ó ń jẹ iyán nílé olókùú tí kò mọ̀ rí. Ní ìkẹyìn ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé ohun tó bá ti wọ ilé ọkọ kì í padà jáde, àṣà Yorùbá ni bẹ́ẹ̀. Susanna fi han Àǹtí Modúpẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀.

Àǹtí Modúpẹ́ ni olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọkọ wo?” ni ó wí. “Ta ló fẹ́ ọ? Wúńdíá ilé bàbá rẹ lo jẹ́ títí di òní. Ó ti gba ohun ìní obìnrin, ó tún fẹ́ gba ipò ọkọ lé e láìsan owó orí. Pe Yàkúbù.”

Yàkúbù ló ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń kó iṣu àti gbágùúdá lọ sọ́jà. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè ni bóyá fírísà náà ga tàbí ó gùn, kí òun lè mọ iye okùn tí òun máa mú dání.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀, ibi tó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí wọ́n dé Odò-Ọwá sì ni táyà kan ti rì. Àǹtí Modúpẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Susanna, wọ́n ti ọkọ̀ náà. Ẹrọ̀fọ̀ ta sára aṣọ wọn. Susanna wo ara rẹ̀, ó ní òun ì bá ti wọ aṣọ tó dára díẹ̀, kí Adégbóyè má baà rò pé òun ń jìyà.

“Wọ inú ọkọ̀,” ni Àǹtí Modúpẹ́ wí. “Kò sí aṣọ tó dọ̀tí ju ẹni tí o fẹ́ wọ̀ ọ́ fún lọ.”

Wọ́n bá ìyá Adégbóyè níwájú ilé, ó ń se ẹ̀gbo lórí iná igi lábẹ́ àtíbàbà páànù. Ó ti dé láti Àbújá. Susanna kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà dáhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

“Susanna, mi ò rò pé mo tún lè rí ọ nínú ulé yìí. Ọmọ mi ní o ti lọ fẹ́ oníṣòwò kan n’Ílọrin, pé nígbà tí owó ò sí lọ́wọ́ òun lo sá lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Susanna láyà. Gbogbo ọ̀nà tó ti ń bọ̀ ni ó ti ń ro ohun tí yóò sọ, ṣùgbọ́n kò ro ti èyí mọ́ ọn. Ó rọra dáhùn.

“Màmá, mi ò fẹ́ ẹnì kankan. Bàbá mi ni mo ń tọ́jú nílé ìwòsàn. Ọmọ yín ló kọ̀ mí. Ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù mi bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹrù mi ni mo wá kó.”

“Ẹrù wo?”

“Ti inú pálọ̀, àti fírísà, àti ti yàrá.”

Ìyá náà gbé ṣíbí igi sílẹ̀. “Àwọn àga yẹn? Adégbóyè ló rà wọ́n. Ó ní owó iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún òun ni.”

“Iṣẹ́ wo, Màmá?” ni Àǹtí Modúpẹ́ bèèrè, kò pariwo rárá.

Ìyá náà tún gbé ṣíbí igi, ó ro ẹ̀gbo rẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń wá èsì ìbéèrè yẹn.

Adégbóyè jáde nígbà yẹn. Ó ti gbọ́ ìró ọkọ̀. Agbádá wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ká a sí èjìká bí ẹni tí àwọn akọ̀ròyìn ń dúró dè. Nígbà tó rí Susanna, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó rí Àǹtí Modúpẹ́, ẹ̀rín náà kúrò. Nígbà tó rí Yàkúbù tó ń tú okùn, ó sáré wá.

“Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Susanna, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí ọ níbí.”

Ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ibẹ̀ ni ohùn olóṣèlú ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

“Susanna, mo bẹ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mo ní mi ò ní gbé e fún ọ. Lọ́jọ́ Sátidé yìí ni ẹbí ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá wo ilé. Fikáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ará Ìdọ̀fin ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n lọ. Ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni màá bá ọ di ẹrù náà.”

Susanna wò ó. Ó ti rò lọ́nà pé bí òun bá rí ojú rẹ̀, ọkàn òun yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn òun. Ó dúró de ìrora náà, kò wá. Ohun tó ń rí ni ọkùnrin kan tí òógùn ti ń rin sítáàṣì ọrùn rẹ̀, tó ń bẹ ẹni tó kọ̀ sílẹ̀ pé kó yá òun ní àga tí òun yóò fi fẹ́ ẹlòmíì.

“Kí lo sọ fún wọn pé o ní?” ni ó bi í.

“Èmi ò sọ fún wọn ní pàtó.”

“Adégbóyè.”

“Fikáyọ̀ rí i fúnra rẹ̀. Mi ò ṣáà sọ pé kì í ṣe tèmi.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀dì náà ni o fẹ́ kí n yá ọ?”

Adégbóyè ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Susanna ní kí ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀.

Nígbà tó rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ó tún padà di Ọnọrébù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kò sí ẹni tó lè wọ ilé òun láìgba àṣẹ. Ó ní òun mọ DPO. Yàkúbù dúró, ó wo Àǹtí Modúpẹ́. Ìyá Adégbóyè ló dìde kúrò nídìí ẹ̀gbo. Ó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́, ó wá dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

“Adégbóyè, ta ló ra àwọn nǹkan yìí?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.”

“Kò jinlẹ̀. Orúkọ èèyàn ni mo bèèrè.”

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó gbọn agbádá. “Susanna ló rà wọ́n,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n nítorí mi ló ṣe rà wọ́n.”

Ìyá náà sún ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń sún aṣọ ìkélé, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó tìmùtìmù orí àga jọ fúnra rẹ̀.

Fírísà ni Susanna kọ́kọ́ lọ ṣí. Ó ti rò pé yóò bá òórùn ẹja tàbí omi tó ti díbàjẹ́. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pósítà. Pósítà ìbò tó ṣẹ́ kù ni Adégbóyè tò sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, kí eku má baà jẹ wọ́n. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sókè. Àǹtí Modúpẹ́ mú ọ̀kan, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fi í lélẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù síta ní àkópọ̀ àkópọ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ pálọ̀ fi kún fún Adégbóyè. Yàkúbù kò rí ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé, ó sì ń tọrọ àforíjì bó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé fírísà náà, Adégbóyè ní kí wọ́n dúró. Ó wọ yàrá, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gé pílọ́ọ̀gì kúrò lẹ́nu wáyà rẹ̀. Ó ní èyí tó bá a wá ti bàjẹ́, òun ni òun ra tuntun. Ó jù ú sápò agbádá. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ojú tí Susanna fi wò ó nígbà yẹn, bí ènìyàn bá fi wo ajá, ajá náà yóò kúrò níbẹ̀.

Ti gáàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Adégbóyè ní sílíńdà lè jẹ́ ti Susanna, ṣùgbọ́n òun ni òun rọ gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé e jáde síwájú ilé, ó sì ṣí ẹnu rẹ̀ pé kí afẹ́fẹ́ náà tú dànù kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó ń hó ṣíì. Kò rántí pé iná ẹ̀gbo ìyá rẹ̀ ń jó lábẹ́ àtíbàbà. Yàkúbù ju okùn sílẹ̀, ó fò lé sílíńdà náà, ó tì í pa, ó sì gbé e sáré lọ sójú títì. Ìyá Adégbóyè da gbogbo omi tó wà nínú garawa sórí iná. Èéfín bo gbogbo wọn.

Nígbà tí èéfín náà tú ká, ìyá náà jókòó sórí àpótí.

“Ṣé o fẹ́ jó mi pọ̀ mọ́ ilé bàbá rẹ nítorí gáàsì?” ni ó bi í. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Bọ́ agbádá yẹn. Lọ bá wọn gbé fírísà.”

Adégbóyè bọ́ agbádá. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya lẹ́yìn. Òun àti Yàkúbù ló gbé fírísà náà jáde, Yàkúbù níwájú, òun lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn aládùúgbò ti jáde. Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pè é ní Ọnọrébù.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí ọ̀kadà kan fi gbé Fikáyọ̀ dé. Ó wá láti bá ìyá Adégbóyè jíròrò oúnjẹ ọjọ́ Sátidé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ aṣọ iléèwé tó ti ń kọ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí ìyá náà, ó wo ọkọ̀, ó wo fírísà, ó wo àga tí wọ́n ti dì sórí rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ Adégbóyè. Susanna ni ó yà sí.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ṣé tiyín ni gbogbo èyí?”

“Tèmi ni.”

“Bẹ́ẹ̀dì náà ńkọ́?”

“Òun náà.”

Fikáyọ̀ wọ pálọ̀. Susanna tẹ̀ lé e, nítorí ó ku aṣọ fèrèsé kan tó fẹ́ ká. Fikáyọ̀ dúró láàárín pósítà, ó yíjú ká ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Adégbóyè ti wọlé lẹ́yìn wọn, ó ń wá ohun tí yóò sọ.

“Fikáyọ̀, olólùfẹ́ mi, àwọn ọ̀tá ló…”

“Èwo ni tiyín nínú ilé yìí?” ni Fikáyọ̀ bi í.

Ó wò yíká. Susanna ló gbà á sílẹ̀. Ó na ìka sókè sí àjà.

“Fáànù yẹn, tirẹ̀ ni,” ni ó wí. “Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Kì í yí.”

Ó ká aṣọ fèrèsé rẹ̀, ó jáde.

Kí wọ́n tó lọ, ó padà lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Adégbóyè. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè jù ú sílẹ̀. Ó ní kí Susanna má bínú sí òun fún ohun tí òun kọ́kọ́ sọ. Susanna ní òun kò bínú. Òótọ́ ni, kò bínú sí i. Ó ṣe é láàánú pé ìyá náà yóò wọlé, yóò sì máa bá ọkùnrin náà gbé, nígbà tí òun lè lọ sílé.

Lọ́nà, Àǹtí Modúpẹ́ sun oorun. Yàkúbù ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí àga orí ẹrù. Nígbà tí wọ́n ti rìn jìnnà, ó la ẹnu.

“Mo dìbò fún un nígbà yẹn,” ni ó wí. “Ilé ìyá mi ní Ìlọ́fà ni mo ti dìbò. Ó ṣèlérí kànga.”

Susanna bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Yàkúbù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbájú mọ́ ọ̀nà.

Ní Òsí, àwọn àga náà tóbi ju yàrá Susanna lọ, wọ́n kó wọn sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ pa wọ́n wò, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ní ó dára, kò sì bi í ní ohun kankan. Susanna ta fóòmù bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó kọ́kọ́ ná an. Iṣẹ́ kékeré ni oníná ṣe sí wáyà fírísà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹja ti wà nínú rẹ̀.

Fikáyọ̀ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà. Ó ti rí nọ́ńbà rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá Adégbóyè. Ó ní àwọn ẹbí òun kò lọ sí Ìlọ́fà mọ́, òun ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin gbọ́n, ẹ mọwó wá. Kí lẹ rí lára rẹ̀?”

Susanna ronú. Ó fẹ́ sọ pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì rántí ìbùkún ìpínlẹ̀ Kwara.

“Ó máa ń sọ ohun tó fẹ́ dà,” ni ó wí níkẹyìn, “mo wá ń bá a ra àga tí yóò jókòó sí nígbà tó bá dà á. Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi rò pé ó ti dà á,” ni Fikáyọ̀ wí. “Mo rí àga.”

Àwọn méjèèjì kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, oníbàárà kan tó ń bọ̀ láti Ìlọ́fà sọ fún Susanna pé Adégbóyè ti ń sọ kiri ìlú pé àwọn aláìní ni òun kó ẹrù ilé òun fún, nítorí pé olóṣèlú tó bá fẹ́ràn ará ìlú kò gbọdọ̀ jókòó sórí tìmùtìmù. Ó ní àwọn kan ti gbà á gbọ́. Susanna ń gé ẹja lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní ó ṣeun tó sọ fún òun. Ó wá bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí òun gé orí ẹja mọ́ ọn.